Bí mo ṣe bọ́ lọ́wọ́ E8 nínú Gẹ̀ẹ́sì

E8 ni mo gbà nínú Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe WAEC, ìdánwò àṣejáde ilé ìwé girama, lọ́dún 2009. Mo ní C4 nínú ìṣirò, mo ní B3 nínú Yorùbá, ṣùgbọ́n bí Gẹ̀ẹ́sì ò bá ti tó C6, tí wọ́n ń pè ní kírẹ́díìtì, ọ̀pọ̀ yunifásítì ò ní wo ìyókù. Ìyá mi tó ń ta èlùbọ́ lỌ́jà Ọba ló kó owó àjọ tó fẹ́ fi ra ọjà sílẹ̀ kí n lè san owó GCE láti tún ìdánwò náà ṣe. Ó ń dùn mí títí dòní, torí kì í ṣe pé mo ya ọ̀lẹ.

Pàkátà nílùú Ìlọrin ni mo ti dàgbà. Yorùbá là ń sọ nílé, Lárúbáwá là ń kà nílé kéwú, Gẹ̀ẹ́sì ni tilé ìwé. 

Òfin kan ló pa mí lára nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa: ẹni tó bá sọ Yorùbá yóò san náírà márùn-ún. Bí kò bá ní in, pàṣán ni. Àwa ọmọ kíláàsì náà ni wọ́n fi ń kọ orúkọ ara wa sílẹ̀. Òfin yẹn kò kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì o, dídákẹ́ ló kọ́ mi. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n mí, màá mú un mọ́ra títí wọ́n á fi lu aago, torí ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ ṣi gbólóhùn tí a fi ń tọrọ àyè sọ. Báwo lọmọ ṣe fẹ́ mọ èdè tí kò láyà láti ṣì sọ?

Nírọ̀lẹ́, nílé kéwú, Aláàfáà á ka Lárúbáwá, á túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, àwa náà á sì fi Yorùbá bi wọ́n léèrè títí yóò fi yé wa. Kò sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nÍlé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Inú bí mi. Láti 1970!

Péépà kẹta nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, ti ìró ohùn (Oral English), ló gbà mí lákòókò jù. Fan àti van, ọ̀kan náà ni létí mi, a ò ní v. Sue àti zoo, a ò ní z. Wọ́n á tún kọ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á ní ibo ni òyìnbó ti tẹ̀ ẹ́ jù, ìyẹn sílébù tí ohùn ti le jù (stress). Tíṣà wa ní ká há a sórí ni. Mo há a, ó yọ. Mo tún un há, ó tún yọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń bá a yí.

Ọjọ́ kan ni mo ń fi dò, re, mí kọ́ àbúrò mi ní àmì ohùn, la bá dé orí mọ́tò. Mí dò. Tíṣà, mí dò. Lọ́yà, mí dò. Hòtẹ́ẹ̀lì wá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ kó tó gòkè. Mo dìde dúró. Ibi tí òyìnbó ti tẹ ọ̀rọ̀ gan-an làwọn àgbà wa gbé ohùn òkè lé nígbà tí wọ́n yá a! Etí tí wọ́n ń nà wá torí ẹ̀ ti mọ iṣẹ́ náà tipẹ́. Present tó jẹ́ ẹ̀bùn, mí dò. Present tó jẹ́ pé kéèyàn gbé nǹkan kalẹ̀, dò mí. Record náà ńkọ́? Bákan náà ni.

Nínú ìdánwò náà, gbólóhùn tí wọ́n ń fi lẹ́tà ńlá kọ ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀, kéèyàn mú ìbéèrè tó bá a mu, "ni" wa ni. OLA bought the car: Ọlá ni ó ra mọ́tò. Ìbéèrè tó bá a mu ni èyí tó ń wádìí ẹni tó rà á.

Ti ship àti sheep, tí wọ́n dún bákan náà létí mi, ò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Rédíò ni mo gbọ́ títí, tí mo ń pè é tẹ̀ lé wọn sókè ketekete. Ká ní mo tún un ṣe ni, ibẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀ láti JSS 1, mi ò ní dúró de ọdún ìdánwò.

B3 ni GCE fún mi. Nígbà tó kan àbúrò mi, èmi ni mo jókòó tì í, Yorùbá ni mo sì fi ṣàlàyé. Photograph la fi bẹ̀rẹ̀: mí dò dò. Mo ní kó pe photographer. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, dò mí dò dò."