Má fi gígùn DNA díwọ̀n ẹ̀dá: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nípa jínóòmù

Tí mo bá ti dé orí ẹ̀kọ́ jínì ní kíláàsì, ìbéèrè kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ: láàárín èèyàn àti àlùbọ́sà, èwo ni DNA rẹ̀ gùn jù? Gbogbo wọn á pariwo pé èèyàn ni. Àlùbọ́sà ni. Lẹ́tà mẹ́rin péré, A, C, G àti T, ni a fi kọ DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì gbogbo ohun ẹlẹ́mìí. Àkójọ lẹ́tà tí ọmọ gbà lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ kan là ń pè ní jínóòmù. Ti èèyàn jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 3.1. Ti àlùbọ́sà tí à ń rẹ́ sínú ọbẹ̀ tó bílíọ̀nù 16.

Ẹ má rò pé bí ẹ̀dá bá ṣe díjú tó ni DNA rẹ̀ ṣe ń gùn tó. Ewéko kékeré kan wà tó máa ń hù lára igi ní erékùṣù New Caledonia, Tmesipteris oblanceolata lorúkọ rẹ̀. Ní 2024 ni àwọn onímọ̀ kéde pé jínóòmù rẹ̀ tó bílíọ̀nù 160, wọn ò sì tíì rí èyí tó gùn jù ú lọ. Ẹja fugu ti ilẹ̀ Japan ní ojú, egungun, ọkàn àti ọpọlọ, síbẹ̀ nǹkan bíi mílíọ̀nù 400 lẹ́tà ló fi ṣe gbogbo rẹ̀.

Kí ló wá ń gba gbogbo àyè yẹn? Àdàkọ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn abala DNA kan wà tó máa ń da ara wọn kọ, tí ẹ̀dà tuntun á sì lọ há sí ibòmíràn. Inú àgbàdo ni Barbara McClintock ti kọ́kọ́ rí abala tó ń ṣí kiri báyìí, ní nǹkan bí 1940 sí 1950. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, ó di 1983 kó tó gba ẹ̀bùn Nobel. Lónìí a mọ̀ pé irú abala bẹ́ẹ̀ kó nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún jínóòmù àgbàdo. Ẹni tó bá da ojú ìwé kan náà kọ nígbà ẹgbẹ̀rún, ìwé rẹ̀ á nípọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀ sí i.

Àwọn tó bá ti gbọ́ èyí máa ń sáré bọ́ sídìí kíka jínì, ìyẹn abala DNA tó ń sọ bí ara ṣe máa ṣe ohun kan. Ìyẹn náà kò gbè wọ́n. Kí àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nípa jínóòmù èèyàn tó jáde ní 2001, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ń sọ pé jínì wa á tó 100,000, mo sì ń rí iye yẹn títí di òní nínú àwọn ìwé ilé ẹ̀kọ́ tó ti pẹ́. Jínì tó ń ṣe purotéènì, ìyẹn èròjà tó ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ara, lára wa jẹ́ nǹkan bíi 20,000. Aràn C. elegans, tí kò gùn ju mìlímítà kan lọ, ní iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú tiwa. Àlìkámà ní tirẹ̀ ní ju 100,000 lọ. Iye kúrómósóòmù, ìyẹn àwọn ìdì tí DNA pín sí nínú sẹ́ẹ̀lì, ńkọ́? Èèyàn 46, iṣu funfun 40, ewúrẹ́ 60, adìyẹ 78, ọ̀dùnkún 90. Kò sí ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀.

Bí a ṣe ń lo lẹ́tà ló ṣe pàtàkì. Ẹ wo ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Lẹ́tà wọn kò yàtọ̀, àmì ohùn ló sọ ọ̀kan di olórí ilé, tó sọ èkejì di irinṣẹ́ àgbẹ̀, tó sọ ẹ̀kẹta di ohun ìrìnnà, tó sì sọ ẹ̀kẹrin di ohun ìjà. Sẹ́ẹ̀lì ojú rẹ àti sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ rẹ ní DNA kan náà. Jínì tí wọ́n ṣí àti èyí tí wọ́n pa dé ló fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn. Jínì kan ṣoṣo sì lè ṣe ju purotéènì kan lọ: Dscam1, jínì kan lára eṣinṣin èso, ṣeé tò pọ̀ ní ọ̀nà 38,016.

Ẹ má sì pe gbogbo ohun tí kì í ṣe jínì ní pàǹtírí. Apá tó ń júwe purotéènì kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún jínóòmù wa. Nínú apá yòókù ni àwọn ohun tó ń ṣí jínì, tó sì ń pa á dé, wà. Ọ̀pọ̀ Fúlàní lè mu wàrà dàgbà láìsí inú rírun nítorí lẹ́tà kan tó yí padà. Lẹ́tà náà kò sí nínú jínì lactase tó ń da ṣúgà inú wàrà. Nǹkan bíi lẹ́tà 14,000 ló wà láàárín wọn, inú jínì mìíràn gan-an ló sì wà. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí èyí sọ pé gbogbo lẹ́tà ló ní iṣẹ́. Ní 2012, iṣẹ́ ìwádìí ENCODE sọ pé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún jínóòmù wa ló ń ṣe nǹkan kan, ìròyìn sì gbé e káàkiri. Pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ lórí abala DNA kan kò sọ pé ara nílò rẹ̀. Onímọ̀ jínóòmù kan, T. Ryan Gregory, ti béèrè ní 2007 pé tó bá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló wúlò, kí ni àlùbọ́sà ń fi ìlọ́po márùn-ún tiwa ṣe? Mi ò tíì rí ẹni tó dáhùn ìbéèrè yẹn dáadáa.

Àwọn kan tún gbà pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni jínóòmù. Ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá nílùú Ìbàdàn, ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ, wà lára ohun tí HapMap, iṣẹ́ ìwádìí àgbáyé lórí ìyàtọ̀ inú jínóòmù èèyàn, fi bẹ̀rẹ̀. Ní 2019, ìwádìí lórí èèyàn 910 tó jẹ́ ìran Áfíríkà rí nǹkan bíi mílíọ̀nù 300 lẹ́tà tí kò sí nínú jínóòmù tí gbogbo ayé fi ń ṣe àfiwé.

Èyí tó ń dùn mí jù lọ ni ti jínótáìpù. AA, AS tàbí SS kò sọ ju ọ̀rọ̀ hemoglobin inú ẹ̀jẹ̀ lọ, kì í ṣe ẹ̀rí pé ara rẹ kò ní àléébù. Lẹ́tà DNA kan péré, A tó di T, ló bí hemoglobin S. Mo mọ tọkọtaya kan tí àwọn méjèèjì jẹ́ AS. Nígbà tí àkọ́bí wọn jẹ́ SS, ẹnì kan sọ fún wọn pé ìdá kan nínú mẹ́rin ti jáde nìyẹn, pé àwọn ọmọ mẹ́ta tó kù á bọ́. Wọ́n gbà á gbọ́. SS ni ọmọ kejì náà. Ìṣirò ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn kì í ṣe ti ọmọ mẹ́rin, ti oyún kọ̀ọ̀kan ni. Oyún karùn-ún náà, ìdá kan nínú mẹ́rin ni, bíi ti àkọ́kọ́. Ẹ má sì gbàgbé C, irú hemoglobin mìíràn tó wà láàárín àwa Yorùbá: AS àti AC lè bí SC, fòní-kú-fọ̀la-dìde sì ni SC náà.