Òfin sine: ẹ ya àwòrán kí ẹ tó tẹ calculator

Àwọn ọmọ SS2 tó ń wá ṣe lẹ́sìn lọ́dọ̀ mi mọ òfin sine lórí dáadáa: a/sin A = b/sin B = c/sin C. Ohun tó máa ń rú wọn lójú ni ìgbà tó yẹ kí wọ́n lò ó, àti ìgbà tí ìdáhùn rẹ̀ máa ń jẹ́ méjì. Ibẹ̀ ni máàkì WAEC ti ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì máa ń dùn mí, torí iṣẹ́ tó kù kò tó nǹkan.

Ẹ kọ́kọ́ ya onígun mẹ́ta náà. Kò dìgbà tó bá rẹwà. Ẹ kọ A, B, C sí àwọn igun rẹ̀, kí ẹ wá kọ a kékeré sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí A, b sí èyí tó kọjú sí B, c sí èyí tó kọjú sí C. Èyí tó kọjú sí i o, kì í ṣe èyí tó so mọ́ ọn! Mo máa ń ní kí wọ́n fi ìka fà á láti igun lọ sí òdìkejì kí wọ́n tó kọ lẹ́tà. Tí ẹ bá ti mọ igun kan àti ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i, tí ẹ tún mọ ẹ̀gbẹ́ tàbí igun kan sí i, òfin sine yá nìyẹn. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fún yín láìsí igun, tàbí ẹ̀gbẹ́ méjì àti igun àárín wọn, òfin cosine lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tẹ sin 30 sínú calculator yín. 0.5 ló yẹ kó gbé jáde. Tó bá gbé -0.988 jáde, RAD, òṣùwọ̀n igun mìíràn, ló wà. Tó bá jẹ́ 0.454, GRAD ni, òun náà jẹ́ òṣùwọ̀n mìíràn. Ẹ dá a padà sí DEG, ìyẹn digírì (°) tí a fi ń wọn igun níbí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọn odò Ògùn l'Abẹ́òkúta láì fẹsẹ̀ kan omi. Ẹ mú igi kan létí odò lọ́hùn-ún, ká pè é ní C. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, ẹ ri èèkàn A àti B mọ́ etí omi, kí àárín wọn jẹ́ mítà 60. Ká ní igun tó wà ní A jẹ́ 72°, ti B sì jẹ́ 55°. Ẹ yọ méjèèjì kúrò nínú 180°, ó ku 53° fún C, òun ló sì kọjú sí mítà 60 wa. Nítorí náà:

b = 60 × sin 55° ÷ sin 53° = 60 × 0.8192 ÷ 0.7986 = mítà 61.5

Láti A dé ìdí igi nìyẹn, ṣùgbọ́n ìlà náà dagun. Fífẹ̀ odò gan-an ni 61.5 × sin 72°, ìyẹn mítà 58.5. Irú ọgbọ́n yìí ni wọ́n fi wọn ilẹ̀ Nàìjíríà kí GPS tó dé, láti onígun mẹ́ta kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n sì fi àmì L40 ní Minna ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ó wá ku ibi tí ìdáhùn ti ń jẹ́ méjì. Ẹ mú kọ́ńpáàsì. A = 40°, b = 10, a = 8. Ẹ fa ìlà gígùn kan láti A, ẹ fi protractor wọn 40°, kí ẹ fa sẹ̀ǹtímítà 10 gba ibẹ̀ lọ sí C. Ẹ la kọ́ńpáàsì sí 8, ẹ gún un mọ́ C, kí ẹ yí i. Ẹ ó rí i pé ó gé ìlà ìsàlẹ̀ níbi méjì, B méjì nìyẹn. Òfin náà sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: sin B = 10 × 0.6428 ÷ 8 = 0.8035. Calculator á ní 53.5°, á sì dákẹ́, bẹ́ẹ̀ sine 126.5° náà kò yàtọ̀ sí i. Ẹ̀yin lẹ máa yọ 53.5 kúrò nínú 180 fúnra yín. Ẹ̀gbẹ́ kẹta lè jẹ́ 12.4, ó sì lè jẹ́ 2.9.

Tí ẹ bá dín kọ́ńpáàsì kù sí 6, kò ní kan ìlà rárá, calculator á sì kọ error. Tí ẹ bá là á sí 12, sin B á di 0.5357: B jẹ́ 32.4° tàbí 147.6°. Ẹ ro 147.6 pọ̀ mọ́ 40, ó di 187.6, ó ti ju 180 lọ. Ẹ fagi lé e, kí ẹ mú 32.4°.