Ẹ má tíì gé plywood yẹn: àṣìṣe àwọn tó fẹ́ ní bọ́ọ̀dù eré ogun tí kì í ṣe onígun mẹ́rin

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń rá mi lára tipẹ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ jàre. Eré ogun orí tábìlì, èyí tí èèyàn ń fi ọmọ ogun bíi mẹ́wàá péré ta, ti ń ràn díẹ̀díẹ̀ láàárín àwa tá a wà l'Adó níbí, inú mi sì dùn sí i. Àmọ́ gbogbo ẹni tó bá ti ta á fún oṣù bíi méjì ló máa fẹ́ ní bọ́ọ̀dù tí irú ẹ̀ ò sí lọ́wọ́ ẹlòmíì. Òbírí, onígun mẹ́fà, èyí tó ní ihò láàárín, èyí tó ṣẹ́ kọ́rọ́. Kò burú, èmi náà fẹ́ràn ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, mo ti ní irun funfun lórí mo ṣì ń kun ọmọlangidi lálẹ́, ìyàwó mi sì máa ń bi mí pé ìgbà wo ni màá ta àga àkọ́kọ́ pẹ̀lú gbogbo pákó tí mò ń gé. Ohun tó ń bí mi nínú ni owó tẹ́ ẹ̀ ń dànù. Plywood ti wọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀, ẹ wá gbé odindi èyí tó jẹ́ fíìtì mẹ́jọ sí mẹ́rin lọ bá káfíńtà, ẹ ní kó gé e sí nǹkan tẹ́ ò tíì fi eré kankan dán wò rí. Mi ò ní ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń da dáìsì o, ẹni tó ń ka èyí ti kọjá ibẹ̀.

1. Ẹ̀ ń gé e kẹ́ ẹ tó ta á.

Ẹ lọ tọrọ páálí Indomie lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń tajà l'Ọ́jà Ọba, ẹ tú u, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, ẹ gé e sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kí bọ́ọ̀dù yẹn rí, kẹ́ ẹ wá ta eré bíi mẹ́ta lórí ẹ̀. Tí páálí ò bá sí, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fà á sórí símẹ́ńtì. Eré tí kò bá dùn lórí páálí ò lè dùn lórí plywood, bó ti wù kí ọ̀dà ẹ̀ rẹwà tó.

2. Ojú lẹ fi ń wọn bọ́ọ̀dù, ẹ ò fi ẹsẹ̀ ọmọ ogun wọ̀n ọ́n.

Ẹ wo àwọn eré ogun tá a ń ta: ínṣì 22 sí 30 ni bọ́ọ̀dù eré Kill Team, ráúńdì mẹ́rin péré ni wọ́n sì ń ta. Ti eré Malifaux jẹ́ 36 sí 36, ti Infinity jẹ́ 48 sí 48. Kì í ṣe pé àwọn tó ṣe eré yìí kàn yan nọ́ńbà tó wù wọ́n, wọ́n ti ṣírò ẹ̀ pé ráúńdì kejì tàbí ẹ̀kẹta ni ìjà máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ẹnì kan wá gé bọ́ọ̀dù fíìtì mẹ́jọ sí ẹyọ kan, ó ní títì Adó sí Ìkẹ́rẹ́ nìyẹn. Ínṣì 96! Ọmọ ogun tó ń rin ínṣì mẹ́fà ní ráúńdì kan, tí ọ̀tá ẹ̀ náà ń rin mẹ́fà bọ̀, ínṣì méjìlá ni wọ́n fi ń súnmọ́ra, ráúńdì mẹ́rin jẹ́ 48, ìdajì ọ̀nà nìyẹn. Eré parí, idà ò kan idà. Tó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀dù gígùn lẹ fẹ́ dandan, ẹ má to àwọn ọmọ ogun sí ìkángun, ẹ tò wọ́n sí agbede méjì kí ààyè àárín wọn má ju ínṣì 24 lọ, kí ọ̀nà tó kù lẹ́yìn wọn wá di ibi tí wọ́n lè sá gbà.

Onígun mẹ́fà náà ní tiẹ̀. Tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ fíìtì méjì, láti igun dé igun jẹ́ ínṣì 48, ṣùgbọ́n láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ jẹ́ nǹkan bí ínṣì 41 àbọ̀. Ẹni méjì, ẹni mẹ́ta, ẹni mẹ́fà lè ta á láìsí ìrẹ́jẹ. Ẹni mẹ́rin ò lè ta á, torí méjì máa wà ní ẹ̀gbẹ́, méjì máa wà ní igun, àwọn tó wà ní igun á fi ohun tó ju ìrìn ráúńdì kan lọ jìnnà síra ju àwọn tó kù lọ. Ẹ sì tún máa ń yà mí lẹ́nu tẹ́ ẹ bá ní dáìsì ló jẹ́ kẹ́ ẹ pàdánù.

3. Sípíréè lórí fóòmù funfun inú páálí tẹlifíṣọ̀n: ó máa jẹ ẹ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ fi emulsion kùn ún.

4. Afẹ́fẹ́ ìta bọ́ọ̀dù.

Èyí gan-an ló mú mi jókòó kọ gbogbo ohun tí mò ń kọ yìí. Bọ́ọ̀dù onígun mẹ́rin ní oore kan tẹ́nikẹ́ni kì í dúpẹ́ ẹ̀: ibi yòówù tẹ́ ẹ gbé ọmọ ogun méjì sí lórí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá na okùn láti ara ọ̀kan dé ara èkejì, okùn yẹn ò lè kúrò lórí pákó láéláé. Òbírí rí bẹ́ẹ̀, onígun mẹ́fà rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí etí bọ́ọ̀dù bá ti wọnú níbì kan, ìyẹn lẹ́tà L, àgbélébùú, òrùka, gbogbo irú ìyẹn, okùn á jáde síta, á rìn lórí afẹ́fẹ́, á tún padà wọlé. Ìjọ̀gbọ̀n dé. Ṣé ọmọ ogun yìí rí tọ̀hún? Ṣé ó lè yìnbọn fún un? Tó bá fẹ́ sáré lọ kọlù ú, ṣé afẹ́fẹ́ la máa wọ̀n ni àbí etí pákó? Èyí tó ní ìyẹ́ ńkọ́? Ìwé òfin tó wà lọ́wọ́ yín ò ní dáhùn, torí bọ́ọ̀dù onígun mẹ́rin ló wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́.

Àbúrò kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, gé odindi plywood sí àwòrán ìpínlẹ̀ Èkìtì. Mo ní Èkìtì o! Pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún, ó fi ọ̀dà oríṣiríṣi pààlà wọn, ó tún fi fóòmù gbẹ́ àwọn òkè. Ó ní ogun Kírìjì lòun fẹ́ máa ta lórí ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn dára, mi ò lè parọ́, káfíńtà tó bá a fi jígísọ̀ gé e gbowó gidi lọ́wọ́ ẹ̀ torí gbogbo kọ́rọ́ kọ́rọ́ tó wà létí ẹ̀. Mo wá bi í pé Igbájọ dà? Ó wo bọ́ọ̀dù, ó wo ojú mi. Igbájọ ni Ìbàdàn pàgọ́ sí, Ìmẹ̀sí-Ilé ni Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ sí, Ọ̀ṣun ni méjèèjì wà lónìí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ogun yẹn ní 1877, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní 1886, àgọ́ ò sì tú títí di 1893, kó wá jẹ́ pé ojú ogun gan-an ti bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Òkèmẹ̀sí tí í ṣe ìlú Fábùnmi, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gágun Èkìtìparapọ̀, nìkan ló rí fi sórí bọ́ọ̀dù, ó wà létí pátápátá, ọmọ ogun tẹ́ ẹ bá gbé síbẹ̀, ìdajì béèsì ẹ̀, ìyẹn pẹpẹ kékeré tó dúró lé, á wà lórí pákó, ìdajì á wà lórí afẹ́fẹ́.

Ṣé ẹ rò pé ibẹ̀ ló parí sí? Wọ́n ta á. Kò pẹ́ tí ọ̀kan fẹ́ yìnbọn láti etí kan sí etí kejì, okùn jáde kúrò lórí pákó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ṣebí mo rí i kedere?"

Èkejì ò jẹ́ kí n dáhùn. "Ọta ẹ máa gba Ọ̀ṣun kọjá ni. Ta ló fún ẹ níwèé àṣẹ?"

A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀rín ti tán. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ yọ̀ǹda fún láti yìnbọn ní kò sí ohun tó jọ ọ́ pé kí wọ́n tún dí òun lọ́nà báyìí, ẹni tó ni bọ́ọ̀dù ní ilé òun ni wọ́n wà o, iyán tí wọ́n gún fún wa tutù sórí tábìlì kejì, ẹ sì mọ̀ pé l'Èkìtì, ọ̀rọ̀ tó bá ti jẹ́ kí iyán tutù, ó ti kúrò ní eré.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ò le. Kẹ́ ẹ tó gé bọ́ọ̀dù tó wọnú, ẹ pinnu ohun tí ìta jẹ́. Tó bá jẹ́ àpáta tàbí ògiri, ojú ò lè ríran kọjá, ìbọn ò lè kọjá, ẹni tó bá ń lọ á tẹ̀lé etí pákó. Tó bá jẹ́ àfonífojì tàbí odò, ojú á rí i, ìbọn á kọjá, ẹsẹ̀ ò ní kọjá, ẹni tí wọ́n bá sì tì sínú ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti mú ọ̀kan, ẹ fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn bọ́ọ̀dù, ẹ má kàn fi sọ́kàn lásán. Ti òrùka ló nílò àkíyèsí jù, torí tẹ́ ẹ bá pe ihò yẹn ní àfonífojì, ẹ ti fún àwọn oníbọn ní ẹ̀bùn ọ̀fẹ́, wọ́n á máa yìn ín láti òdìkejì, ẹni tó fi owó ẹ̀ ra ọmọ ogun onídà á máa yípo ihò títí tí wọ́n á fi pa á tán. Ẹ wá nǹkan gíga dí ibẹ̀, kó dúró gbagidi bí Olósùnta ṣe dúró l'Ìkẹ́rẹ́, tàbí kẹ́ ẹ tẹ́ afárá lé e.

Ibi tó bá sì tín-ín-rín, kó má kéré sí ínṣì mẹ́ta. Béèsì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ínṣì kan, tí méjì ò bá lè kọjá lára wọn, ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀ ti dí ọ̀nà fún gbogbo ayé.

Òbírí wá ńkọ́? Ó pé lójú, ó jẹ pákó. Ẹ gé òbírí tó fẹ̀ ní fíìtì mẹ́rin látinú pákó mẹ́rin sí mẹ́rin, ìdá kan nínú márùn-ún pákó yẹn ti lọ. Òfin tún máa ń sọ pé kẹ́ ẹ to ọmọ ogun sí etí tiyín, etí wo ló jẹ́ ti ta lórí òbírí? Ẹ fi ọ̀dà sàmì mẹ́rin sétí ẹ̀.

Àwọn tó ń da gọ́ọ̀mù àti iyanrìn sójú kan pákó tí wọ́n fi ẹ̀yìn ẹ̀ sílẹ̀ lófo, tí ọyẹ́ bá dé, tí bọ́ọ̀dù yẹn tẹ̀, ẹ má pè mí. Ẹ̀yìn náà ń fẹ́ ọ̀dà.

Tẹ́ ẹ bá ń lo ọmọ ogun oníwèé, ẹ pa fáànù.

Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà ilé yín kẹ́ ẹ tó lẹ bọ́ọ̀dù pọ̀. Ẹ tún na ọwọ́ yín sórí tábìlì: ohun tó bá jìnnà sí etí ju fíìtì méjì àbọ̀ lọ, ikùn lẹ máa fi gba orí ilé fóòmù kọjá kọ́wọ́ yín tó tó o. Ikùn tèmi sì ti wó odindi ṣọ́ọ̀ṣì kan rí.

Fún onígun mẹ́fà, ẹ má jẹ́ kí káfíńtà fi ojú díwọ̀n ẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ ọ̀pọ̀ kéékèèké lẹ fẹ́ tò pọ̀, torí àṣìṣe pínnín lára ọ̀kọ̀ọ̀kan á di àlàfo ńlá tẹ́ ẹ bá tò wọ́n tán. Ẹ kan ìṣó kan sáàárín, ẹ so okùn mọ́ ọn, ẹ so pẹ́ńsù mọ́ ìdí kejì, ẹ fà á yípo. Okùn yẹn kan náà, ẹ má fi kún un, ẹ má dín in kù, ẹ fi wọ̀n ọ́n láti àmì dé àmì lára òbírí yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹfà gééré ló máa yí i ká. Ẹ fa ìlà látàmì dé àmì, ó tán. Kẹ́ ẹ sì dúró ti káfíńtà nígbà tó bá ń gé e, àwọn àjákù ẹ̀gbẹ́ yẹn lẹ máa fi ṣe òkè àti àtẹ̀gùn, tẹ́ ẹ bá ti yíjú báyìí, wọ́n ti gbé e fún ìyá alákàrà fi dáná.