Lipo ni tàbí tummy tuck? Bí ẹ ṣe lè mọ iṣẹ́ abẹ tó bá ikùn yín mu

Kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń ti ikùn yín síta. Ohun mẹ́rin ló sábà máa ń fà á: awọ tó ti fẹ̀ tí kò padà mọ́, ọ̀rá abẹ́ awọ, iṣan iwájú ikùn tó ti yà sọ́tùn-ún sósì, àti ọ̀rá inú lọ́hùn-ún tó yí ìfun ká. Kò sí iṣẹ́ abẹ kan tó ń yanjú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lipo, ìyẹn fífi páìpù fa ọ̀rá jáde, kì í fọwọ́ kan iṣan; tummy tuck, ìyẹn gígé awọ tó pọ̀ jù àti rírán iṣan pọ̀, kì í dé ibi tí ọ̀rá ìfun wà. Ẹni tó bá ṣe èyí tí kò bá tirẹ̀ mu á náwó, á jẹ̀rora, ikùn á sì wà níbi tó wà.

Àyẹ̀wò tí ẹ lè ṣe nílé

Ẹ ṣe é láàárọ̀, kí ẹ tó jẹun. Ẹ dúró níwájú dígí, kí ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e mú ẹran ikùn nísàlẹ̀ ìdodo. Tí ohun tí ẹ mú bá nípọn tó sì rọ̀, ọ̀rá abẹ́ awọ nìyẹn. Tó bá fẹ́lẹ́, tó ń fà, tó sì ń wọ́jọ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, awọ ló pọ̀ jù.

Ẹ wá fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ ká orúnkún, kí ẹ tẹ ìka mọ́ àárín ikùn díẹ̀ sókè ìdodo, kí ẹ gbé orí àti èjìká sókè díẹ̀. Ẹ ó mọ iṣan méjèèjì lára tí wọ́n bá le. Tí àlàfo àárín wọn bá gba ju ìka méjì lọ, tàbí tí àárín ikùn bá yọ gọngọ sókè, iṣan yín ti yà. Oyún ló sábà ń fà á, ti ìbejì pàápàá. Eré ìdárayá máa ń dín in kù láàárín oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ, àmọ́ àlàfo tó fẹ̀ tó sì ti pẹ́, rírán ni wọ́n ń rán an.

Ẹ má tíì dìde. Ikùn tó jẹ́ ọ̀rá inú ló kún un kì í tẹ́ tí ẹ bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Ó máa ń ga, ó máa ń le, ohun tí ìka lè mú lára rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ikùn ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún nìyí. Kò sí dókítà tó lè fa ọ̀rá yẹn jáde. Oúnjẹ, ìrìn, dídín ọtí kù àti oògùn tí dókítà bá kọ ló ń mú un lọ. Dókítà tó bá gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ sórí tábìlì lipo, owó ló ń wò.

Obìnrin tí ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ le, tí nǹkan oṣù rẹ̀ sì ń ya jù, kó lọ ṣe scan ná, torí ìju lè wà níbẹ̀. Tí kókó kan bá ń yọ ní ìdodo tàbí ojú àpá nígbàkigbà tí ẹ bá húkọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ hernia, ìyẹn kí nǹkan inú ikùn yọ gba ihò lára iṣan, ó sì gbọ́dọ̀ di mímọ̀ ṣáájú: ìfun lè wà lẹ́nu ihò yẹn, páìpù lipo sì lè gún un.

Lipo

Ẹni tí lipo wà fún ni ẹni tí awọ rẹ̀ ṣì ń fà padà, tí ìwọ̀n ara rẹ̀ kò jìnnà sí èyí tó yẹ ẹ, tó jẹ́ ọ̀rá ojú kan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Dókítà á da omi iyọ̀ tí wọ́n po lidocaine àti adrenaline mọ́ sábẹ́ awọ. Lidocaine ń pa ìrora. Adrenaline ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ṣòfò. Lẹ́yìn náà, á ti páìpù tín-ín-rín wọ inú ihò tí kò tó sẹ̀ǹtímítà kan, á máa fà á síwá sẹ́yìn, ẹ̀rọ á sì máa fa ọ̀rá.

Lítà 5, ọ̀rá àti omi lápapọ̀, ni gbèdéke fún ẹni tó fẹ́ padà sílé lọ́jọ́ náà. Tó bá máa ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọsibítù ni kó sùn, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Girdle, aṣọ tó ń fún ikùn, á wà lára fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, wíwú á sì gba oṣù 3 sí 6 kó tó lọ tán, nítorí náà ẹ má fi ọ̀sẹ̀ kejì díwọ̀n ohunkóhun. Àbùkù tó wọ́pọ̀ jù ni kí ikùn rí gbágungbàgun torí pé páìpù sún mọ́ awọ jù, tàbí kí awọ tó ti rọ̀ tẹ́lẹ̀ wá sorọ̀ wálẹ̀ nígbà tí ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ ti lọ.

Wọ́n lè ní àwọn á bá yín gbé ọ̀rá yẹn lọ sí ìdí. BBL nìyẹn, ewu rẹ̀ sì yàtọ̀: tí ọ̀rá bá bọ́ sínú iṣan ìdí, ó lè wọ òpó ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, kó sì pani. Ẹ má gbà á nítorí pé wọ́n fi ṣe ẹ̀dínwó.

Tummy tuck

Tí awọ bá pọ̀ tàbí tí iṣan bá yà, èyí ni. Wọ́n á la ikùn láti egungun ìbàdí kan dé èkejì, nísàlẹ̀ níbi tí pátá máa bò. Wọ́n á ká awọ sókè dé eegun ìhà, wọ́n á rán iṣan méjèèjì pọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n á fa awọ wálẹ̀, wọ́n á gé èyí tó ṣẹ́kù, wọ́n á sì lu ihò tuntun fún ìdodo. Ó máa ń gba wákàtí 2 sí 4, oorun àsùnwọra sì ni wọ́n á fi oògùn kùn yín. Tó bá jẹ́ abẹ́ ìdodo nìkan ni awọ ti pọ̀, mini tummy tuck tó: ojú abẹ rẹ̀ kúrú, wọn kì í sì í sún ìdodo. Ẹni tó ti fọ̀n gan-an lẹ́yìn ìsanra ńlá lè nílò ojú abẹ kejì tó dúró ṣánṣán láàárín ikùn.

Wọ́n sábà máa ń fi rọ́bà tó ń fa omi sí ẹ̀gbẹ́ ikùn. Ẹ máa kọ iye omi tó jáde lójoojúmọ́. Tí kò bá tó mìlílítà 30 ní wákàtí 24, wọ́n á yọ ọ́. Tí wọ́n bá yá a yọ, omi á gbára jọ sábẹ́ awọ, abẹ́rẹ́ ni wọ́n á sì máa fi fà á. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ó máa bẹ̀rẹ̀ síwájú díẹ̀ rìn, ẹ ó máa fi ìrọ̀rí sẹ́yìn àti sábẹ́ orúnkún sùn. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ṣeé padà sí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Ẹrù wúwo di ọ̀sẹ̀ 6, ọmọ pípọ̀n àti gbígbé korobá omi sì wà nínú ẹ̀. Ẹ wá ẹni tó máa gbé ọmọ kí ẹ tó mú ọjọ́.

Ẹni tó ṣì fẹ́ bímọ, kó dúró, torí oyún á tún nà án. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kó fún ara ní oṣù 6, kó sì ti já ọmọ lẹ́nu ọmú. Àwọn kan máa ń béèrè bóyá wọ́n lè ṣe é pọ̀ mọ́ CS. Rárá o: ilé ọmọ ṣì tóbi, awọ ti wú, ewu ẹ̀jẹ̀ dídì sì ga lásìkò yẹn. Ṣùgbọ́n àpá CS tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sábà máa ń bá awọ tí wọ́n gé lọ.

Sìgá gbọ́dọ̀ dúró ní ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú, ó kéré tán. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀gbẹ́ nìkan ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dé awọ àárín ìsàlẹ̀ ikùn. Sìgá á dí ìwọ̀nba náà, awọ lè dúdú, kó sì kú. Ẹ sọ gbogbo àgbo, aspirin àti oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tí ẹ ń lò. Ẹ yẹ PCV (bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe tó), genotype àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹni tí kẹ́lọ́ìdì, àpá tó wú yọ, ti yọ sí létí tàbí láyà, kó fi han dókítà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n sì jọ sọ ọ̀rọ̀ silicone tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú àpá fún oṣù mélòó kan.

Ta ló máa ṣe é?

Ní Nàìjíríà, dókítà náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé MDCN, àjọ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀, kó sì ní FWACS tàbí FMCS, ìwé ẹ̀rí àgbà oníṣẹ́ abẹ, nínú plastic surgery gan-an. Ní Britain, ẹ wo Specialist Register, ìwé orúkọ àwọn dókítà àgbà, ti GMC, àjọ dókítà ibẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ní Amẹ́ríkà, American Board of Plastic Surgery. Ẹ béèrè ẹni tó máa kùn yín lóorun, ibi tí wọ́n á gbé yín lọ tí nǹkan bá yíwọ́ lóru, àti ẹni tó máa gbé fóònù lẹ́yìn ọjọ́ kẹwàá. Ẹni tó bá rìnrìn àjò lọ ṣe é, kó ní ọ̀sẹ̀ méjì nílẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú padà.

Láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, ẹ máa dìde rìn díẹ̀díẹ̀ nínú yàrá, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí ẹsẹ̀. Tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tó sì ń ro, tàbí tí èémí bá ń há, tàbí tí àyà bá ń dunni nígbà tí ẹ bá mí sínú, ẹ má dúró de àárọ̀, ẹ má sì lo ìpara: ọsibítù tó ní pàjáwìrì ni kí ẹ forí lé lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ.