Tablet yín ò bàjẹ́ o, ẹ ka èyí ná

Àwọn bàbá àti màmá wa n'Íbàdàn tí àwọn ọmọ wọn ra tablet fún ló ń bi mí láwọn nǹkan wọ̀nyí, ìbéèrè kan náà ṣáá ni, ó ti sú mi, mo wá kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ó dúdú, kò tàn.
Ìdáhùn: Ẹ ṣáàjì ẹ̀. Tó bá ti kú pátápátá, ẹ fi í síná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó tàn án.

Ìbéèrè: Mo ń tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn.
Ìdáhùn: Èékánná kọ́ o, ẹran ìka ni. Iná mànàmáná kékeré kan wà lójú ẹ̀ tó máa ń yí padà tí ara èèyàn bá kàn án, èékánná ò lè ṣe ìyẹn. Tọ́wọ́ yín bá lómi, ẹ nù ún.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ ṣí WhatsApp, ó ń bi mí bóyá kóun yọ ọ́ kúrò.
Ìdáhùn: Ẹ ti pẹ́ jù lórí ẹ̀. Ẹ kàn án, ẹ gbọ́wọ́ kúrò. Kì í ṣe agbára!

Ìbéèrè: Tí mo bá ń ṣáàjì ẹ̀, ó ń ṣí nǹkan fúnra ẹ̀.
Ìdáhùn: Ẹ yọ ṣájà. Tó bá dáwọ́ dúró, ṣájà yẹn ò dáa nìyẹn, ẹ wá òmíì.

Ìbéèrè: Ó ń sọ̀rọ̀, kò sì ṣí nǹkan kan mọ́.
Ìdáhùn: Èyí ló dà mí láàmú jù. Màmá kan ní Mọ́kọ́lá gbé tiwọn wá, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ bá ti ní àfi kóun fọ́ọ̀mátì ẹ̀, gbogbo fọ́tò ọmọ-ọmọ wọn á sì lọ, ẹkún ló kù tí wọn ò sun. Mo gbà á, mo fọwọ́ kan nǹkan, ìlà kan yí i ká, ó pe orúkọ ẹ̀, ó dákẹ́. Mo fà á wálẹ̀, kò fà. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i gan-an, ó kàn ń kà á sókè ni, kò wọlé. TalkBack ni! Ohun tó máa ń ka ojú tablet sókè ni, Google ṣe é fáwọn tí ò ríran, ó sì wúlò fún wọn gan-an, àmọ́ tọ́mọdé bá di bọ́tìnnì fọ́lúùmù méjèèjì mú pa pọ̀ bí ìṣẹ́jú àáyá 3, ó lè tàn. Ẹ tún dì wọ́n mú bẹ́ẹ̀, ó sábà máa ń lọ. Ti màmá ò lọ. Ohun tá a ṣe ni pé a kan nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan, a wá tẹ ojú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀ títí ó fi ṣí, ìka méjì la sì fi ń fà á, a wọ Settings, a wọ Accessibility, a pa TalkBack. Fọ́tò kankan ò sọnù. Tó bá jẹ́ iPad, VoiceOver ló ń jẹ́, ìka mẹ́ta lẹ máa fi fà á.

Ìbéèrè: Ẹ̀yìn ẹ̀ ti wú.
Ìdáhùn: Bátìrì ni. Ẹ pa á, ẹ má ṣáàjì ẹ̀ mọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ilé kankan fi ọ̀bẹ ṣí i, ó lè gbiná. Oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ló lè fọwọ́ kan ìyẹn, kó sì ṣe é lójú yín.