Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ adìyẹ tó máa sàba dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó

Tó bá jẹ́ ẹyin lásán lẹ̀ ń wá, ẹ lọ ra léyà, ẹ máa bá tiyín lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ adìyẹ tó máa sàba, tó máa pa ọmọ, tó sì máa kó wọn jẹ̀ láìsí pé ẹ ń tan jẹnẹrétọ̀ nítorí gílóòbù tó ń mú ọmọ adìyẹ móoru, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Isa Brown, irú léyà kan, lè yé bíi 300 ẹyin lọ́dún, ṣùgbọ́n àwọn tó ń mú irú ẹ̀ jáde ti yọ sàba kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, torí adìyẹ tó bá jókòó sórí ẹyin ti dáwọ́ yíyé dúró nìyẹn. Noiler, irú adìyẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹran àti ẹyin, ńkọ́? Ó tóbi, ó mọ oúnjẹ wá kiri, àmọ́ èmi ò gbọ́kàn lé e fún sàba. Ẹyin ẹ̀ ni mo máa ń wá, màá gbé e sábẹ́ adìyẹ ìbílẹ̀.

Adìyẹ ìbílẹ̀ gan-an ló mọ iṣẹ́ yìí. Ó kéré o, ọ̀pọ̀ wọn ò ju kílò kan ààbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọ. Ti àwọn Fúlàní tóbi jù ú lọ díẹ̀, ó sì lè bo ẹyin púpọ̀. Òpìpì ní tiẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ jàre, ìyẹ́ tí ò tó o bora, báwo ló ṣe fẹ́ fi bo ọmọ mẹ́wàá nígbà ọyẹ́.

Ọjà ni wàhálà wà. Aládùúgbò mi kan ra mẹ́rin tí wọ́n pè ní àgbébọ̀ ìbílẹ̀ fún un, oṣù méjì ló fi ń wojú wọn, kò séyìí tó jókòó, àṣé léyà tó ti darúgbó ni wọ́n tà fún un! Àwọ̀ ò lè ṣàlàyé fún yín, torí ìbílẹ̀ náà máa ń pupa. Ẹnu ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò: wọ́n sábà máa ń gé ẹnu léyà láti kékeré, tẹ́ ẹ bá rí i tó kúrú, tó dà bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e, ẹ gbé e padà, kódà kí ẹni tó ń tà á máa búra. Tiẹ̀ gan-an, ẹ má lọ ọjà ńlá. Ẹ lọ abúlé, ẹ wá ìyá tó ń kó ọmọ jẹ̀ lójú yín, ẹ ra tòun tọmọ. Á wọ́n, àmọ́ ẹ ti rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Ẹ má sì ra èyí tó ń sàba lọ́wọ́ o, tẹ́ ẹ bá gbé e gun ọ̀kadà, á gbàgbé ẹyin yẹn.

Nígbà tó bá yé tán nílé yín, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tó ń ṣe kọ́-kọ́-kọ́, tó ń ṣá yín lọ́wọ́, ẹ má tíì gbé ẹyin gidi fún un. Ẹyin bíbọ̀ méjì mẹ́ta ni mo máa ń fi tàn án, bọ́ọ̀lù ping-pong náà dáa. Tó bá sùn lé e lóru mẹ́ta láìkúrò, ẹ wá fi ẹyin gidi rọ́pò lálẹ́, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́wàá, tó bá jẹ́ ti Noiler, mẹ́jọ. Ìdí tí mo fi ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà ni pé àwọn kan máa ń fi ọ̀kan kún un lójoojúmọ́, tí àwọn àkọ́kọ́ bá ti pa, ìyá á kó wọn jẹ̀ lọ, ìyókù á tutù síbẹ̀. Ẹyin tó ti ju ọjọ́ méje lọ, tàbí tó ti wọ fíríìjì, ẹ dín in jẹ.

Ìtẹ́ ò ṣòro, agbọ̀n àtijọ́, koríko gbígbẹ, eérú díẹ̀ nítorí iná adìyẹ. Ọjọ́ 21 ló máa pa. Ẹ dé wọn mọ́ abẹ́ agbọ̀n fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí àwòdì, kẹ́ ẹ sì so àkísà pupa mọ́ ìyá náà lẹ́sẹ̀, kí wọ́n má lọ pa á fún Kérésìmesì.