Ẹ Má Tíì So Wúfà Yẹn: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lórí Sípíkà àti Amplifier Ilé

Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́, tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti ń pín aṣọ Ojúde Ọba, ìgbà yẹn làwọn èèyàn máa ń gbé páálí wúfà, sípíkà ìró ìsàlẹ̀, wọ Ìjẹ̀bú-Òde láti ọjà Àlàbá l'Ékòó. Kí ẹran ọdún tó tán nílé, àwọn kan ti gbé tiwọn wá bá àwa tá à ń tún un ṣe. Ọjà náà lè má burú rárá. Ohun tí kò bára mu ni wọ́n so pọ̀.

Ẹ má fi wáàtì ojú páálí rajà. Nọ́ńbà gàdàgbà tí wọ́n kọ PMPO sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ti ìpolówó nìyẹn. RMS ni kí ẹ wá. Òun ló sọ agbára tí ẹrù náà lè gbé títí láìdákú. Kí ẹ sì mọ̀ pé wáàtì ìlọ́po méjì kì í sọ ariwo di ìlọ́po méjì, dB (ìwọ̀n ariwo) 3 péré ló ń fi kún un. Ẹni tó kúrò ní 50 bọ́ sí 100, tó ń retí pé kí ògiri mì tìtì, á retí títí.

Ọ̀rọ̀ ohm, ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó, ló ń jó amplifier jù. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí waya pupa àti dúdú ń wọ̀, wọ́n á ti kọ ọ́ síbẹ̀: 8 ohm, tàbí 4 sí 16. Sípíkà ilé náà, 8, 6 tàbí 4 ló sábà máa ń jẹ́. Wàyí o, baálé ilé ti ní méjì tẹ́lẹ̀, ó wá ra méjì sí i, ó sì ki waya gbogbo wọn bọ ihò kan náà, pupa lórí pupa, dúdú lórí dúdú. Sípíkà 8 ohm méjì tó bá pàdé báyẹn ti di 4. 4 méjì di 2. Bí nọ́ńbà yẹn ṣe ń wálẹ̀ ni iná tó ń gba inú amplifier kọjá ń pọ̀ sí i, tó sì ń gbóná. Bí ìyàwó ilé bá tún wá fi aṣọ léèsì tẹ́ ẹ lórí kí ó lè dára lójú, ẹ ti mọ ìyókù. Bó bá ń kú fúnra rẹ̀, tó tún ń tàn lẹ́yìn tó bá tutù, ó ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni. Ẹ yọ sípíkà tó lé kúrò, ẹ má kàn máa tàn án padà ṣáá.

Wúfà tó ní amplifier tirẹ̀ nínú, tó ń mu iná fúnra rẹ̀, ihò SUB OUT tàbí PRE OUT ni kí ẹ ti gba ohùn fún un. Ẹ má ṣe fi waya sípíkà gbé ohùn wọ ihò RCA rẹ̀, ihò róbótó tó ń gba ohùn wọlé, láé.

Àwọn kan rò pé amplifier kékeré kò lè ba sípíkà ńlá jẹ́. Irọ́ ni o. Bí ẹ bá yí i dé òpin nítorí kí àdúgbò lè gbọ́, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ohùn tó fọ́ yẹn ló sì ń jó tweeter, èyí kékeré tó ń ké lókè. Bó bá ti ń fọ́, ẹ yí i wálẹ̀.

Waya tí wọ́n so sódì kì í jó nǹkan kan, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ kó tó hàn. Sípíkà kan ń tì síta, èkejì ń fà sínú, ìró ìsàlẹ̀ á pa ara rẹ̀. Èmi máa ń fi àpàlà dán an wò, irú èyí tí Ìjẹ̀bú-Igbó fi gbajúmọ̀. Bí agídìgbo kò bá rinlẹ̀, tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan ń pariwo, ẹ tú waya sípíkà kúrò lára amplifier. Ẹ mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì 1.5 volt, ẹ fi orí rẹ̀ kan waya pupa, kí ìdí rẹ̀ kan dúdú, fìrí báyìí, kí ẹ sì tẹjú mọ́ awọ sípíkà náà. Ó yẹ kó ta síta. Bó bá wọnú, wọ́n ti so ó sódì nìyẹn.

Bọ́tìnnì Hz tó wà lẹ́yìn wúfà, tó ń sọ ibi tí ìró wúfà máa mọ, 80 ló dára fún sípíkà tó tóbi díẹ̀. Kékeré lè gbà tó 120. Àwọn tó ń yí i dé òkè pátápátá, abẹ́ àga ni ohùn olórin ti ń jáde nílé wọn. Igun yàrá náà ń fi kún ìró ìsàlẹ̀. Ẹ fa wúfà kúrò níbẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn tòkunbọ̀, láti Ṣágámù dé Ìpẹru, ẹ ka ẹ̀yìn ẹrù kí ẹ tó tàn án. 120 volt ni ti Amẹ́ríkà, 100 ni ti Jàpáànì, tiwa jẹ́ 230. Ti London bá tiwa mu. Bí wọ́n bá kọ 120 nìkan sí i, ẹ ra transformer tó ń sọ iná wálẹ̀, kí agbára rẹ̀ sì ju èyí tí amplifier ń mu lọ. Ohun kékeré tí wọ́n ń tà ní 'adaptor' lójú títì, ẹnu pulọ́ọ̀gì nìkan ló ń yí padà, kì í dín volt kankan kù.